Ẹni Tó Ta Wáyà Sójú Ọ̀nà Ẹlẹ́ṣin

Bí inú bá ń bí obìnrin tó ń pín lẹ́tà, kì í pẹ́ tí gbogbo abúlé fi máa ń mọ̀, torí kò sí ẹnu ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dé. Hilary Beddoes ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ọmọ Hopesley ni, abúlé kan ní Shropshire, níbi tí ilẹ̀ England ti fẹ́ fẹnu ko ti Wales, tí òkè ń tẹ̀lé òkè, tí àgùntàn sì pọ̀ ju èèyàn lọ. Láàárọ̀, inú ọkọ̀ pupa ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ máa bá a. Bó bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ ni. Kì í sì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹgẹ́ tí wọ́n fi ń sáré lórí ọ̀dà o. Kẹ̀kẹ́ onítáyà fẹ̀ẹ̀ ni, èyí tó ń gba orí òkúta wẹ́wẹ́, tó ń gba inú ẹrẹ̀, tó sì ń fo gbòǹgbò igi bí ewúrẹ́.

Òun àti ọkọ rẹ̀, Rowland, ni wọ́n jọ to ọ̀nà kan pọ̀ fún irú kẹ̀kẹ́ yìí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rán àjákù aṣọ mọ́ra wọn títí ó fi di ìbora. Ọ̀nà náà gbéra lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba inú igbó Hollin, ó gun orí òkè níbi tí àwọn darandaran ayé àtijọ́ ti máa ń da màlúù wọn lọ sọ́jà, ó wá sọ̀ kalẹ̀ gba àárín oko Clement Preece kọjá títí dé etí odò. Apá tó gba inú oko yìí, ọ̀nà ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń pè é. Òfin ilẹ̀ wọn gba ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ láyè láti máa kọjá níbẹ̀, ẹni yòówù kó ni ilẹ̀.

Nígbà tí àìsàn ọkàn mú Rowland lọ, Hilary àti Tamsin, ọmọ wọn kan ṣoṣo, gbé ọ̀nà náà sórí ayélujára, wọ́n sì sọ ọ́ ní Àyíká Rowland, kí orúkọ bàbá má bàa parẹ́. Orúkọ náà ò parẹ́ lóòótọ́. Láti Birmingham, láti Manchester, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń rọ́ wá ní òpin ọ̀sẹ̀ bí eéṣú. Inú Hilary ń dùn. Bó bá rí wọn nílé ọtí, tí ẹrẹ̀ bò wọ́n dé ìpéǹpéjú, ńṣe ló máa ń rò ó pé ọkọ òun ló ń gbàlejò.

Clement Preece tó ni oko yẹn wà lára àwọn tó fi èjìká gbé pósí Rowland wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbẹ̀ àgùntàn ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ́ńkù Clem ni Tamsin ti ń pè é láti kékeré.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan ní ìparí oṣù kẹrin, ìgbà tí àwọn àgùntàn ń bímọ, tí koríko tuntun ń yọ. Tamsin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bristol, wá kí ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì gun kẹ̀kẹ́ jáde lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Orí òkè ni wọ́n ti ń bú ara wọn.

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ yẹn ni àbí ẹ̀ ń tì í?"

"Máa bá tìẹ lọ, ẹlẹ́nu mímú. Èmi ni mo kọ́ ẹ."

"Ẹ kọ́ mi dáadáa jù nìyẹn!"

Tamsin bú sẹ́rìn-ín, ó tẹ àyà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì já sísàlẹ̀ òkè bí àṣá tó rí òròmọdìẹ. Òkúta wẹ́wẹ́ ń ta pàrà-pàrà lábẹ́ táyà rẹ̀. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, igi tọ̀tún tòsì fọwọ́ kọ́ra lókè ọ̀nà, òjìji wọn sì mú kí ojú ọ̀nà ṣú díẹ̀. Hilary rí i tí ọmọ rẹ̀ wọ abẹ́ òjìji náà. Lẹ́yìn náà ló rí kẹ̀kẹ́ tó ń dá lọ, tí kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀ mọ́.

Wáyà ni. Wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà àgùntàn. Wọ́n so ó mọ́ igi lápá ọ̀tún, wọ́n fà á le, wọ́n sì so ó mọ́ igi lápá òsì. Ká ní Tamsin nàró lórí kẹ̀kẹ́ ni, àyà ni ì bá gbá. Bó ṣe tẹ̀ ba yẹn, àgbọ̀n ló gbá. Ká ní ó lọ sílẹ̀ sí i díẹ̀, ọ̀fun ni. Ó la àgbọ̀n rẹ̀ dé egungun, ó já a kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ó sì fi í lu òkúta mọ́lẹ̀. Egungun èjìká ṣẹ́. Ọrùn ọwọ́ náà ṣẹ́.

"Tamsin! Tamsin, dá mi lóhùn!"

"Mo wà ńbí, Mọ́mì." Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu ọmọ náà. "Kí ló gbá mi?"

Hilary bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó fi tẹ àgbọ̀n ọmọ náà mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì pe àwọn aláḿbúláǹsì. Lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, ó gbójú sókè, ó rí wáyà náà tó ṣì ń gbọ̀n, tó ń dán nínú ìtànṣán oòrùn. Ìgbà yẹn ni ohun kan gbérí nínú rẹ̀ tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ìbínú ni, ìbínú gbígbẹ tí kò ní omijé nínú. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó so ó mọ́ àárín wáyà náà kí ẹlòmíì lè rí i, ó sì búra lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó ta á síbẹ̀ yóò mọ̀ pé òun bímọ.

Nígbà tí wọ́n ti rán àgbọ̀n Tamsin, tí wọ́n sì ti fi irin di èjìká rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn ìyá rẹ̀. Julian Lascelles ni, olówó Lọ́ńdọ̀nù kan tó ra ilé ńlá ẹ̀gbẹ́ igbó Hollin. Láti ìgbà tó ti dé ló ti ń ri pákó mọ́lẹ̀ káàkiri, tó ń kọ ọ́ sí wọn lára pé kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá. Hilary gbọ̀nà ilé rẹ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó sì lu ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ já a. Lascelles jáde pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀ àti síbí tó fi ń jẹ ẹyin lọ́wọ́.

"Ìwọ apààyàn yìí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo pa?"

"Ọmọ mi! Ó kù díẹ̀ kó o pa ọmọ mi! Torí o rí ilé ńlá rà, o wá rò pé o ti ra ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ń tọ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹ?"

"Ìyáàfin Beddoes," Lascelles ní, ojú rẹ̀ ti funfun, "mo kórìíra kẹ̀kẹ́ yín. Mo ti sọ ọ́, mo sì ti kọ ọ́ sára pákó. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo ta wáyà. Bí mo bá fẹ́ gbé àwòrán kọ́ ara ògiri, èèyàn ni mo máa ń pè. Ẹ wo ọwọ́ mi."

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Wọ́n rọ̀ bí búrẹ́dì.

"Kò dìgbà tí ìwọ fúnra ẹ bá so ó. O lè rán èèyàn."

"Ta ni mo fẹ́ rán? Kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní abúlé yìí."

Hilary ò gbọ́. Ó fa ọ̀kan lára àwọn pákó náà tu nílẹ̀, ó jù ú sáàárín òdòdó ọkùnrin náà, ó sì lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá pàdé lọ́nà ló ń sọ fún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé ọtí ti dá Lascelles lẹ́jọ́ tán. Àwọn kan ti lọ fi ẹyin lu ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi ìyangbò di ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Nígbà tí Hilary padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gbé lẹ́tà dé oko Preece. Olwen, ìyàwó Clement, fà á wọlé, ó gbé tíì fún un, ó sì gé kéèkì sí i níwájú. Clement jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò láì bọ́ bàtà oko, èyí tí Olwen kì í gbà rárá. Kò fọwọ́ kan tíì rẹ̀.

"Ara Tamsin ńkọ́?" ló béèrè.

"Ó ń fi sítírọ́ọ̀ fa ọbẹ̀ mu bí arúgbó," Hilary ní. "Wọ́n ní àpá yẹn ò ní kúrò lójú ẹ̀ láé. Ẹ gbọ́, mo máa rí i pé Lascelles ṣẹ̀wọ̀n. Bí mo bá tiẹ̀ máa ta ilé mi gba lọ́yà, màá tà á. Ẹranko ni ọkùnrin yẹn."

"Kì í ṣe Lascelles."

"Ẹ̀yin náà ń gbèjà ẹ̀?"

"Mi ò gbèjà ẹnì kankan." Clement gbójú sókè. "Mo ní kì í ṣe òun. Mi ò lè jókòó síbí kí wọ́n máa fi ẹyin lu ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni."

Olwen fìdí lé àga láì wo ibẹ̀, ológbò tó wà lórí rẹ̀ sì ké, ó fò jáde. "Clem, kí lo wí?"

"Mo ní èmi ni mo ta á."

Clement bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sì sọ ju bí Hilary ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí lọ. Ó ní àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fi géètì òun sílẹ̀ ní ṣíṣí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní àwọn abiyamọ àgùntàn òun da ọmọ wọn jáde sójú títì, ọkọ̀ akẹ́rù sì wọ àárín wọn. Òun ló fi ìbọn parí àwọn tí kò tíì kú tán, tí wọ́n ń wo òun lójú. Òun kọ ìkìlọ̀ sára géètì, wọ́n dúró tì í, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun bá ọ̀kan sọ̀rọ̀, ó sì pe òun ní arúgbó oníyèyé.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" Hilary béèrè.

"Orúkọ Rowland ló wà lórí ọ̀nà yẹn. Ṣé kí n wá bá opó Rowland, kí n ní orúkọ ọkọ ẹ̀ ló ń pa mí lẹ́ran?" Ó nu ojú. "Mo fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn fẹnu gbolẹ̀, kó lọ sọ fún àwọn yòókù. Mi ò mọ̀ pé Tamsin ni, Hilary. Ọlọ́run ń gbọ́. Ká ní mo mọ̀ pé Tamsin ló máa gba ibẹ̀ ni..."

"Tó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíì ńkọ́?"

Clement tẹjú mọ́ iná ààrò.

"Dá mi lóhùn! Tó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíì ńkọ́, Clement? Ṣé ìyẹn ì bá dára? Ṣé wà á jókòó síbí, wà á mu tíì ẹ, wà á bọ́ bàtà ẹ?"

"Hilary, jọ̀ọ́..." Olwen ń bẹ̀ ẹ́.

"Má bẹ̀ mí! Ẹ̀ṣẹ̀ àgùntàn ò sí lọ́rùn ọmọ mi. Èjìká tó o fi gbé pósí ọkọ mi náà lo fi fa wáyà le de ọmọ ẹ̀. Ká ní o gbọ̀nà ilé mi wá, ká ní o gbá mi létí, ká ní o dáná sun kẹ̀kẹ́ mi lójú mi, mo lè gbọ́ ìyẹn. Àmọ́ o fara pa mọ́ bí olè."

Kò mu tíì náà tán. Àgbàlá wọn gan-an ló dúró sí tó fi pe ọlọ́pàá, ó sì sọ̀rọ̀ sókè kí Clement lè gbọ́. Ọkùnrin náà jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láì dé fìlà. "Pè wọ́n," ló wí. "Mi ò ní sá."

Lọ́nà tó ń padà bọ̀, Hilary yà nílé Lascelles. Ó wọ inú òdòdó, ó gbé pákó tó jù síbẹ̀, ó sì fi òkúta kàn án mọ́lẹ̀ padà síbi tó ti fà á tu.

"Mo ṣẹ̀ ẹ́," ló sọ fún ọkùnrin náà. "Wọn ò ní fi ẹyin lu ọkọ̀ ẹ mọ́. Mi ò fẹ́ràn ẹ síbẹ̀ o."

"Mo mọ̀," Lascelles dáhùn. "Ẹ ṣeun."

Ọ̀rọ̀ náà pín Hopesley sí méjì. Ẹnu tó ní kí wọ́n so Lascelles kọ́ ni ẹnu tó wá ń sọ pé kí wọ́n fi sùúrù sí ti Clement. Desmond Gough, tó ni ilé ọtí, tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ léjìká, ó sún mọ́ Hilary.

"Àgbàlagbà ni, Hilary. A jọ ń gbé ni. Lọ fa ẹjọ́ yẹn kúrò, ká parí ẹ̀ láàárín ara wa."

"Nígbà tẹ́ ẹ rò pé Lascelles ni, ṣebí ẹ̀wọ̀n lẹ ń pariwo?"

"Ìyẹn kì í ṣe ara wa."

"Wáyà ò béèrè ìyẹn," Hilary ní. "Wáyà ò béèrè ìlú tí ọ̀fun ti wá. Títí wọ́n á fi dá a lẹ́jọ́, ẹ má tún bá mi sọ ọ́ mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ò kí i mọ́. Ọ̀kan ní kó máa fi lẹ́tà òun sílẹ̀ lórí ọgbà, kó má fẹsẹ̀ kan àgbàlá. Gbogbo rẹ̀ ń dá kún ohun tó ń hó nínú rẹ̀.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà ò sì ràn án lọ́wọ́. Ìròyìn ti tàn lórí ayélujára, ọ̀rọ̀ burúkú ń jáde níbẹ̀ bí ìdin lára òkú ẹran: kí wọ́n dáná sun ilé arúgbó náà, kí wọ́n ta wáyà sọ́rùn tirẹ̀ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Olwen pe Hilary lórí fóònù. Ó ní àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti kún àgbàlá àwọn. Hilary fò sórí kẹ̀kẹ́. Kò mọ ohun tó gbé òun lọ.

Ó bá wọn níbẹ̀, ogunlọ́gọ̀ wọn, pẹ̀lú akoto lórí àti aṣọ tó ń ta yọ̀ọ̀. Wọ́n ń pariwo sí fèrèsé. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti fi ọ̀dà pupa kọ APÀÀYÀN gàdàgbà sára ògiri ilé ẹran. Nígbà tí wọ́n rí Hilary, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ìyá Tamsin! A wá jà fún yín!"

"Ta ló rán yín?" Ohùn rẹ̀ bo tiwọn mọ́lẹ̀. "Mo ní ta ló rán yín? Èwo nínú yín ló mú àga wá tì í ní ọsibítù? Èwo nínú yín ló lọ ọbẹ̀ fún un?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Ó dáa. Èwo nínú yín ló fi géètì sílẹ̀ ní ṣíṣí tí àgùntàn fi jáde sójú títì?"

"Ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí," ọkùnrin kan nínú wọn ní. "Kò sí géètì tó tó ẹ̀mí èèyàn."

"Òótọ́ lo sọ, kò sí. Wá wo ẹ̀yìn ẹ."

Gbogbo wọn yíjú padà. Géètì pápá tí wọ́n gbà wọlé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Abiyamọ àgùntàn kan ti yọrí síta, ọmọ rẹ̀ méjì ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń wo ọ̀nà títì.

"Ẹ pa á dé!" Hilary ké. "Ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ sì kúrò níbí! Ọmọ mi lẹ fi ń ṣe àsíá, ẹ ò sì lè pa géètì dé! Nítorí yín ló ṣe so ó, nítorí òun lẹ ṣe wà ńbí, ọmọ tèmi ló wà láàárín tó ń fi sítírọ́ọ̀ fa ọbẹ̀ mu. Ẹ lọ!"

Wọ́n sáré da àgùntàn padà, wọ́n pa géètì dé, wọ́n sì ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́kùnrin tó kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri dúró, ó fẹ́ ṣe àlàyé. Hilary na ìka sí ojú títì, òun náà sì lọ. Clement yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ṣeun, Hilary."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àgùntàn ni mo ṣe é fún."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹjọ́ wáyé. Clement ò jiyàn, ó ní òun jẹ̀bi. Adájọ́ ní ẹ̀wọ̀n tọ́ sí i, ṣùgbọ́n nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, àti pé òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́, wọ́n gbé ẹ̀wọ̀n náà kọ́ sókè. Bó bá tún hu irú ìwà bẹ́ẹ̀, yóò lọ ṣe é. Wọ́n ní kó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún àwọn ọ̀nà ìlú ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Hilary jókòó, ó di eyín pọ̀. Lójú tirẹ̀, ìjìyà náà ò tó ìdajì orun tí òun ò sùn.

Lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́, Tamsin lọ dúró níwájú Clement. Àpá àgbọ̀n rẹ̀ ṣì pupa.

"Ọ́ńkù Clem."

Bàtà rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò.

"Ẹ wò mí. Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń so ó, báwo lẹ ṣe mọ ibi tó yẹ kó ga dé?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Àyà mi ni mo fi wọ̀n ọ́n."

"Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ fi ara yín wọ̀n ọ́n, kò sì wá sí yín lọ́kàn pé ara èèyàn ló máa pàdé."

"Ó wá sí mi lọ́kàn," Clement ní. "Ibi tó burú sí nìyẹn. Ó wá sí mi lọ́kàn, mo sì so ó."

Tamsin mi orí díẹ̀. "Ẹ ṣeun tẹ́ ò parọ́ fún mi. Mi ò dárí jì yín."

Nínú ọkọ̀, Hilary bẹ̀rẹ̀ sí í lọgun. Ó bú adájọ́, ó bú Clement, ó bú Desmond Gough àti gbogbo ìran rẹ̀. Tamsin jẹ́ kó sọ díẹ̀.

"Mọ́mì, egungun tèmi ló ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bínú bó ṣe wù mí. Ẹ̀yin náà, ẹ bínú tiyín, àmọ́ ẹ má fi tiyín bo tèmi mọ́lẹ̀."

Hilary di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó sì tẹjú mọ́ ojú ọ̀nà títí wọ́n fi délé.

Wọn ò yọ Àyíká Rowland kúrò lórí ayélujára. Tamsin ló ní kí wọ́n má yọ ọ́, pé ọ̀nà náà ò ṣẹ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ó tún un tò: nígbà tí àgùntàn bá ń bímọ, kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ gba orí òkè yí ká, kí wọ́n fi oko Preece sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ náà wá ri géètì kan tó máa ń pa ara rẹ̀ dé, ohun tí Clement ti ń bẹ̀ wọ́n fún tipẹ́, tí wọn ò dá a lóhùn títí ẹ̀jẹ̀ fi ta sílẹ̀. Nígbà tí Hilary gbọ́ ìyẹn, ó wa ọkọ̀ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, ó sì bú wọn débi pé akọ̀wé tó wà níwájú lọ fara pa mọ́ sínú yàrá tíì.

Ó ṣì ń pín lẹ́tà fún oko Preece. Kò wọ àgbàlá wọn mọ́. Àpótí tó wà lójú ọ̀nà ló ń ju lẹ́tà wọn sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́, ó bá Olwen lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ó da aṣọ òjò borí.

"Ìgbà wo lo máa wọlé mu tíì, Hilary?"

"Nígbà tí inú mi bá rọ̀."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀, Olwen. Mi ò fẹ́ parọ́ fún ẹ."

Olwen gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kì í sínú aṣọ òjò kí ó má bàa tutù. Hilary wọnú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà, ó sì wà á lọ sí ilé tó kàn.